Ìtẹ̀ka Kì í Ṣe Ìyọ̀ǹda

Nígbà tí mo lọ sí ọjà láti gba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, ìwé olójú méjì kan ni mo mú dání. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo fẹ́ mọ bí ọlọ́jà àti oníbàárà ṣe ń dúnàádúrà, ìwé náà ló sì máa jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tí mo gba ohùn rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá aláta kan dá mi lóhùn, ó gbàdúrà fún mi pé màá ṣe àṣeyọrí, ó wá na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ibo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí, ọmọ mi?"

Ó tẹ̀ka. Mo gba ohùn sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mo sì fi ìdùnnú lọ sílé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó bi ara mi léèrè: kí gan-an ni ìyá náà gbà? Kò ka ìwé náà, èmi náà kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ṣe mí bí ọmọ ni. Bóyá ó yọ̀ǹda ohùn rẹ̀ fún mi, mi ò lè sọ.

Ní ọdún 1979, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ gbé ìwé kan jáde, Belmont Report ni wọ́n ń pè é. Ìwé náà sọ pé ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí a tó lè sọ pé ẹnì kan yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí. Èkíní, kí a sọ ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un. Èkejì, kí ohun tí a sọ yé e. Ẹ̀kẹta, kí ó gbà tìfẹ́tìfẹ́, láìsí ìfipá. Ẹ jẹ́ ká fi ohun mẹ́ta yìí wo ìwádìí mẹ́ta láti inú ìmọ̀ tó jìnnà síra wọn: ìṣègùn, ìwà àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìdáàbòbò igbó.

"Ẹ̀jẹ̀ tí kò dára"

Ní ọdún 1932, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní agbègbè Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Wọ́n kó ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 jọ. Àwọn 399 ní àrùn syphilis, àwọn 201 kò ní in. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe fún ara bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Wọn kò dárúkọ àrùn náà fún àwọn tó ní in, wọ́n kàn ní "ẹ̀jẹ̀ tí kò dára" ni àwọn ń tọ́jú. Àwọn ará àdúgbò náà mọ ìpèdè yìí dáadáa: àárẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, àrùn ìbálòpọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sábẹ́ rẹ̀.

Àwa tí a ti jókòó ní kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀ mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ọ̀rọ̀ kan ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tó mọ orúkọ àrùn kan pàtó, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ tó lè túmọ̀ sí àrùn mẹ́wàá, ń fi èdè bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin náà fún àyẹ̀wò, "ìtọ́jú pàtàkì ọ̀fẹ́" ni wọ́n pè é nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wọn.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1947, gbogbo oníṣègùn ti mọ̀ pé penicillin ń wo àrùn náà. Wọn kò fún àwọn ọkùnrin náà. Ọdún 1972 ni ìwádìí náà dópin, lẹ́yìn tí Peter Buxtun, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ náà, tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Ìbínú tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó bí Belmont Report.

"Mo gbà"

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2012, fún ọ̀sẹ̀ kan, Facebook yí ohun tí àwọn èèyàn 689,003 ń rí lójú ewé wọn padà. Fún àwọn kan, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn kù. Fún àwọn mìíràn, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kù. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ẹ̀rọ ka irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí fúnra wọn ń kọ. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí àwọn tí wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ kù fún ń kọ dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kéré gan-an.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ṣọ́ra fún irú ìkà ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lè rí "dùn" nínú "inú mi kò dùn" kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìyọ̀ǹda ló dá awuyewuye sílẹ̀ nígbà tí ìwádìí náà jáde ní ọdún 2014. Àwọn tó ṣe é sọ pé gbogbo àwọn tó ń lo Facebook ti gba ìlànà iléeṣẹ́ náà kí wọ́n tó ṣí ojú ewé wọn, nítorí náà wọ́n ti yọ̀ǹda. Àwọn oníròyìn wá rí i pé oṣù Èbìbí ọdún 2012, ìyẹn oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìwádìí náà, ni ọ̀rọ̀ "ìwádìí" tó wọ inú ìlànà ọ̀hún. Ká tiẹ̀ ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló ń ka ìlànà wọ̀nyẹn? Gbogbo wa ni a ti tẹ "Mo gbà" rí láìka ìlà kan. Ìka tẹ̀ ẹ́, ọkàn kò sí níbẹ̀.

Igbó tó dákẹ́

Ní Corbett Tiger Reserve, ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand ní Íńdíà, wọ́n máa ń so kámẹ́rà mọ́ igi láti ka iye tiger tó wà nínú igbó. Bí nǹkan bá ti kọjá níwájú rẹ̀, kámẹ́rà náà á ya fọ́tò. Iṣẹ́ tó dára ni: ilà ara tiger kan kì í bá ti òmíràn mu, bí ìtẹ̀ka èèyàn, nítorí náà a lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Àmọ́ àwọn obìnrin abúlé náà ń wọ inú igbó yẹn lọ ṣẹ́ igi ìdáná. Trishant Simlai, olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge, lo oṣù mẹ́rìnlá ní agbègbè náà, ó sì fọ̀rọ̀ wá èèyàn 270 lẹ́nu wò. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Ó rí i pé àwọn obìnrin náà máa ń kọrin nínú igbó kí erin àti tiger lè gbọ́ wọn, kí wọ́n sì yà fún wọn. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti dé, ojú ń tì wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n, orin ń dín kù. Ẹni tí kò kọrin mọ́ sì lè já lu ẹranko lójijì. Fọ́tò obìnrin kan tó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nínú igbó tiẹ̀ dé orí WhatsApp. Inú bí àwọn ará abúlé, wọ́n sì ba kámẹ́rà jẹ́.

Níbí, kò sí ìwé kankan tí a fún àwọn obìnrin náà láti tẹ̀ka sí. Ẹranko ni wọ́n ní àwọn ń wá, nítorí náà kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí òun bi èèyàn. Àwọn obìnrin náà kò sì lè sọ pé àwọn ò wọ igbó mọ́, torí iná gbọ́dọ̀ jó nílé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìwádìí náà ni a fi mọ̀ nípa gbogbo èyí. Ẹnì kan ló jókòó ti àwọn obìnrin náà, tó bi wọ́n, tó sì gbọ́.

Àwa náà ńkọ́?

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá aláta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, mo sì ní kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tó yé e fún mi. Ọgbọ́n kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì náà máa ń lò nìyẹn, ó sì dára ju "Ṣé ó yé yín?" lọ, torí pé kò sí ẹni tí kò ní sọ pé ó yé òun. Mo sọ fún un pé ó lè ní òun ò ṣe mọ́ nígbàkígbà, pé inú kò ní bí mi.

Ó bi mí pé ṣé wọ́n máa gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo ní, "Rárá, mà. Àwọn olùkọ́ mi àti àwọn tó bá ka iṣẹ́ náà nìkan ni." Ó ní kí n yọ ibi tó ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ gbèsè kúrò. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo ohùn tí mo gbà, òwe lórí òwe. Mo pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ó wá wò mí, ó ní, "Èmi ti yọ̀ǹda tèmi. Àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Ṣé o bi wọ́n?"

Mi ò bi wọ́n. Ìbéèrè yẹn kò sì sí nínú ìwé olójú méjì mi. Ìyá náà bá mi wá àwọn tó mọ̀ kàn lára wọn. Nínú ogójì ìṣẹ́jú yẹn, mọ́kànlá péré ni mo lè lò. Mo ti ń lọ gba ìyókù báyìí, mo sì ń bi ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kí n tó tẹ ẹ̀rọ mi.