Hotspot Orí Fóònù: Ibi Tí Dátà Ń Gbà Lọ

Fóònù tí wọ́n bá tan hotspot rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ládùúgbò, yálà 3G, 4G tàbí 5G, ó sì ń fi Wi-Fi pín in fún kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù mìíràn tó wà nítòsí. Fóònù náà ló ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní àdírẹ́sì tí yóò fi dá wọn mọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Android, 192.168 ni àdírẹ́sì náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Lórí iPhone, 172.20.10 ni. Ohun yòówù tí ẹ̀rọ àlejò bá béèrè, fóònù ni yóò lọ mú un wá lórúkọ ara rẹ̀, tí yóò sì gbé e lé àlejò lọ́wọ́. Ìdí rèé tí gbogbo ohun tí àlejò bá lò fi ń já sí ọrùn ẹni tó ni káàdì SIM.

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ìpè àti tẹ́ẹ̀sì ni fóònù wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ ka ímeèlì á lọ sí kàfé, á sanwó wákàtí, á sì máa wo aago. Lẹ́yìn náà ni módẹ́ẹ̀mù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà dé, ẹ̀rọ kan fún kọ̀ǹpútà kan. Ọdún 2010 ni Google fi hotspot sínú Android 2.2, Apple sì gbé e sórí iPhone lọ́dún 2011 pẹ̀lú iOS 4.3. Bí fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣe ń wọlé lẹ́yìn náà, módẹ́ẹ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìgbàgbé nínú dúróà.

Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà kì í gba owó ọ̀tọ̀ lórí hotspot fún àwọn dátà tí gbogbo ayé ń rà. Ẹni tó ra GB 10 lè dá a lò tán, ó sì lè pín in fún ẹni márùn-ún. GB 10 náà ni. Dátà tí wọ́n dá sọ́tọ̀ fún ohun kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń tà fún WhatsApp nìkan, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, torí kò wúlò fún àlejò tó fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ AT&T ń gba dọ́là 20 lóṣù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù rẹ̀ pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, yàtọ̀ sí dọ́là 25 tí onítọ̀hún ti san fún GB 2. Wọn kò fi MB kankan kún un fún un. Ó dà bí ẹni tó ra kẹ́ẹ̀gì omi tán tí olómi tún ní kó wá sanwó ife tó fẹ́ fi mu ún. Verizon, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ní tirẹ̀ ní kí Google má ṣe jẹ́ kí àwọn oníbàárà òun rí áàpù tó ń ṣe hotspot láìsan owó ọ̀tọ̀. FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, dá sí i, nígbà tó sì di ọdún 2012 Verizon san mílíọ̀nù 1.25 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ dátà tí wọ́n ń pè ní aláìlópin lọ́hùn-ún ṣì ní ìwọ̀n GB tí hotspot lè fi sáré. Tó bá ti kọjá ìyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fi lè mọ̀ pé ẹnì kan ń pín dátà yẹ ní mímọ̀. Gbogbo ẹyọ ìsọfúnni tó bá kúrò lórí fóònù ló ń gbé nọ́ńbà kan dání, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 64. Ti kọ̀ǹpútà Windows ń bẹ̀rẹ̀ láti 128. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ìsọfúnni náà bá gbà kọjá ń yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá rí 63 tàbí 127 níbi tó yẹ kó ti rí 64, ó ti mọ̀ pé ẹ̀rọ mìíràn wà lẹ́yìn fóònù.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hotspot ká àwọn ará Nàìjíríà lára ni iye tí dátà fúnra rẹ̀ ń lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó tí kò ju ìdá 50 nínú 100 lọ kún iye tí wọ́n ń gbà. Láti ọdún 2013 títí di ìgbà náà, ojú kan ni iye tí wọ́n ń gbà wà. MB tí ènìyàn ti máa ń fi ṣòfò láìbìkítà wá di owó tó ń dunni.

Síbẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta dátà ló ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, bí kò ṣe bó ṣe ń yára tán tí wọ́n bá ti tan hotspot. Fóònù mọ ìyàtọ̀ láàárín dátà àti Wi-Fi. Tó bá wà lórí dátà, á máa ṣọ́ ohun tó ń lò. Tó bá rí Wi-Fi, á tú ara sílẹ̀, torí àwọn tó ṣe é gbà pé Wi-Fi ilé kì í tán. Lójú ẹ̀rọ àlejò, Wi-Fi gidi ni hotspot, bẹ́ẹ̀ dátà tí ẹnì kan fowó rà ni.

Àpẹẹrẹ èyí wà lórí WhatsApp. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ látilẹ̀, fọ́tò nìkan ló máa ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí dátà, àmọ́ lórí Wi-Fi, fídíò, ohùn àti ìwé náà á máa wọlé. Ẹni tó wà nínú gúrúùpù ẹbí, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, ti ilé ìwé àwọn ọmọ àti ti àdúgbò, tó wá wọ orí hotspot ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè fi owó ránṣẹ́, lè kó gbogbo fídíò tí wọ́n ti fi sí gúrúùpù láti àná sọ̀kalẹ̀ kí owó náà tó lọ. Àwọn áàpù tó ń dúró de Wi-Fi kí wọ́n tó ṣe update, àti èyí tó ń gbé fọ́tò lọ tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà á rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Android tó bá wọ orí hotspot Android mìíràn sábà máa ń mọ̀ pé dátà ni, á sì dẹwọ́ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Windows kì í béèrè kó tó wá update. Google Drive, OneDrive àti Dropbox á máa gbé fáìlì lọ gbé fáìlì bọ̀ lábẹ́lẹ̀, áàpù tó ń lé kòkòrò ayọ́kẹ́lẹ́ á máa gba tirẹ̀, ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà sì lè máa tẹ lẹ́tà ojú ìwé kan ṣoṣo lórí rẹ̀ ní tirẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tún tóbi ju ti fóònù lọ, nítorí náà YouTube sábà máa ń yan àwòrán tó mọ́ ju èyí tí yóò yàn lórí fóònù lọ.

Ká ní GB 1 ń lọ ní ₦500. Netflix tí wọ́n ṣètò sí ìpele tó rẹlẹ̀ jù lè jẹ tó MB 300 ní wákàtí 1, ìyẹn ₦150. Fíìmù náà lórí HD lè jẹ tó GB 3, ó di ₦1,500. Lórí 4K, ó lè tó GB 7, ìyẹn ₦3,500, fún wákàtí kan náà. Ìpàdé orí Zoom tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀ ń jẹ láti nǹkan bíi MB 800 títí dé GB 2.4 ní wákàtí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe kíláàsì wákàtí 2 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, tí Zoom sì ń jẹ GB 1 ní wákàtí, yóò lo GB 10, ₦5,000 lọ sí i lọ́sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ ohùn nìkan ni gbogbo wọn ń lò, bíi MB 30 sí 40 ni wákàtí kan máa jẹ, owó ọ̀sẹ̀ náà kò sì ní ju ₦200 lọ. Update Windows tó tó GB 4 tún lè wọlé lóru ọjọ́ kan, kí ₦2,000 sì lọ nígbà tí gbogbo ilé ń sùn.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì le. Lórí Windows, nínú Settings, níbi tí orúkọ hotspot náà wà lábẹ́ Wi-Fi, ibì kan wà tí wọ́n kọ Metered connection sí. Tí wọ́n bá tan ibẹ̀, kọ̀ǹpútà á dá ọ̀pọ̀ update dúró títí yóò fi rí Wi-Fi tí kò ní ìwọ̀n. Lórí iPhone, Low Data Mode ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ìgbà iOS 13, lọ́dún 2019. Ẹni tó ń wo YouTube lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àwòrán kalẹ̀ sí 360p. Àwọn fóònù kan tún wà tó lè pa hotspot fúnra wọn nígbà tí àlejò bá ti lo MB tí onífóònù fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ àjọṣe tún wà níbẹ̀. Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì àti ní ọ́fíìsì, kò rọrùn láti kọ̀ fún ẹni tó bá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí hotspot fún mi, mo kàn fẹ́ ṣe nǹkan kékeré kan.” Ohun tó bójú mu ni kí àlejò sọ nǹkan kékeré tó fẹ́ ṣe, kó sì pa Wi-Fi rẹ̀ tó bá ti ṣe é tán, torí fóònù tó ti mọ hotspot kan tẹ́lẹ̀ á máa padà sórí rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá tún rí i. Onífóònù tí kò fẹ́ ìjà tún lè fi MB díẹ̀ ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà àlejò dípò kó ṣí hotspot. Ó mọ iye tó fún un, dátà náà sì máa ń pẹ́ jù lórí fóònù àlejò, torí fóònù náà mọ̀ pé dátà ni òun ń lò.

Bátìrì náà ń san nínú owó hotspot. Fóònù tó ń bá òpó sọ̀rọ̀, tó tún ń fọ́n Wi-Fi, kì í sinmi, á sì máa gbóná. Iná tó ń gbà kò tó nǹkan: fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ń gba nǹkan bíi watt-hour 19 kó tó kún, kíkún rẹ̀ ní ìgbà bíi 40 ni yóò sì jẹ kilowatt-hour 1, tí a bá ka èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn. Ooru ló ń ba bátìrì lithium jẹ́. Ẹni tó ń tan hotspot látàárọ̀ dalẹ́, tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, tó sì gbé e sórí ìrọ̀rí tàbí sínú oòrùn, máa rí i pé bátìrì náà kò ní lè gba iná tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kó gbé e sí. Ẹni tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lo wáyà USB: fóònù náà á máa gba iná lára kọ̀ǹpútà bó ṣe ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní fọ́n Wi-Fi kankan. Bluetooth náà ń ṣe é, ó sì rọ bátìrì lọ́rùn, àmọ́ kò yá.

Páásíwọ́ọ̀dù hotspot kì í ṣe nítorí dátà nìkan. Gbogbo ohun tí àlejò bá ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì fóònù tó ṣí hotspot ni yóò hàn síta. Ní Nàìjíríà, káàdì SIM ti so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ẹni tó ni ín. Bí ẹnì kan bá fi hotspot ẹlòmíràn lu jìbìtì, ẹni tó ni SIM ni wọ́n á kọ́kọ́ wá débi rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù tó gbọ́dọ̀ gùn tó lẹ́tà 8, tí kì í ṣe nọ́ńbà fóònù tàbí 12345678, kò gba ìṣẹ́jú kan láti ṣe, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá ti pọ̀ jù.

Àwọn tó ń gbé nítòsí ẹnubodè, irú bí Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò, ní ewu mìíràn. Fóònù tí wọ́n tan roaming rẹ̀ lè bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Orílẹ̀-èdè Benin tí òpó ti ọ̀hún bá lágbára jù, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọn yóò sì máa gbà lórí dátà. Ẹni tó bá ṣí hotspot lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀ á gbé kọ̀ǹpútà lé owó náà lórí. Kí wọ́n pa roaming ti dátà ló dára jù níbẹ̀.

Fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, MiFi tàbí router tó ń lo SIM tirẹ̀ máa ń yọ fóònù nínú ìyà, ó sì ń gba ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí wáyà fíbà bá dé, ó sábà máa ń fúnni ní dátà púpọ̀ ju ti SIM lọ fún owó tí a san. Starlink tún wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2023, àmọ́ owó ẹ̀rọ rẹ̀ kò kéré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó bá òun mu lè wo ibi tí fóònù rẹ̀ ń kọ dátà tó lò sí. Lórí ọ̀pọ̀ Android àti lórí iPhone, iye tí hotspot jẹ máa ń dá wà lọ́tọ̀ níbẹ̀. Kó kọ ti oṣù kan sílẹ̀, kó fi iye tó ń ra GB kan sọ ọ́ di púpọ̀, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù router àti owó tí wọ́n máa fi ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Bí hotspot bá ti ń jẹ owó tó tó ti router láàárín oṣù mélòó kan, kó ra router.