Kí Ilé Ẹ̀kọ́ Má Ṣe Ti Ọmọ Traveller Sí Ìta

Àwọn baba wa a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ni kí á wí nípa ọmọ tí ó fẹ́ kàwé, tí àwọn òbí rẹ̀ sì fẹ́ kí ó kàwé, tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ara rọ̀ ọ́ níbẹ̀? Ìṣòro yìí ni ó wà ní ilẹ̀ Áyálándì títí di òní, lórí àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Traveller.

Àwọn Traveller kì í ṣe àlejò ní Áyálándì. Ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n. Ní ayé àtijọ́, inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fi páànù ṣe korobá àti ife, wọ́n ń ṣòwò ẹṣin, wọ́n sì ní èdè tiwọn. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ní ọdún 2022, 32,949 ni iye wọn. Ní 1963, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn dá a lábàá pé kí á mú wọn jókòó sí ojú kan, kí wọ́n sì dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2017 kí olórí ìjọba, Enda Kenny, tó kéde ní ilé aṣòfin pé ẹ̀yà kan ni wọ́n ní ti ara wọn.

Ẹlòmíràn lè rò pé ìrìn àjò ni ó ń mú àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ìwé sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn ń gbé lónìí. Síbẹ̀, ètò ìkànìyàn 2016 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Traveller, bí 13 péré ni ó kàwé dé àwọn kíláàsì òkè ní ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín gbogbo ará ìlú, bí 69 ni.

Kí ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ òbí kò gbàgbé pé nígbà èwe wọn, a ya àwọn ọmọ Traveller sọ́tọ̀ sí kíláàsì tiwọn bí ẹni pé àrùn wà lára wọn. Àwọn ọmọ ń gbọ́ èébú lẹ́nu ẹgbẹ́ wọn, wọn kì í sì í sábà rí ìtàn ìran wọn nínú ìwé tí wọ́n ń kà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan a sì máa lé wọn lọ sílé kí ọjọ́ tó parí. Nítorí èyí ni ìjọba fi ṣe ìlànà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022, pé ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gé ọjọ́ ọmọ kúrú láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ní ìgbà kan, àwọn olùkọ́ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bẹ ìdílé àwọn Traveller wò, kí wọ́n sì máa bá òbí àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí ìjà tó dé. Ní 2011, nígbà tí owó ìjọba gbẹ, a fi òpin sí iṣẹ́ wọn. Nísinsìnyí, ìjọba ti gbé ètò mìíràn kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ wọn láti 2024 títí di 2030. Èyí dára, ṣùgbọ́n ohun tí a wó ní ọjọ́ kan, kì í ṣe ọjọ́ kan ni a ó fi tún un kọ́.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1996 sọ níbẹ̀ pé òbí tí iṣẹ́ rẹ̀ mú un máa rìn kò jẹ̀bi, bí ọmọ rẹ̀ bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìgbà 200 láàárín ọdún kan, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ọjọ́. Kò pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé òfin lè bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ òbí láìgbàgbé ẹ̀kọ́ ọmọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò lè ṣe é, òbí nìkan kò sì lè ṣe é. Kí ìjọba dá àwọn olùkọ́ abẹniléwò padà ní gbogbo àgbègbè. Kí ìtàn àwọn Traveller wọ inú ìwé gbogbo ọmọ. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì fi ìyà tí ó tọ́ jẹ ẹni tí ó bú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Áyálándì pẹ̀lú, nítorí inú kíláàsì kan náà ni àwọn ọmọ wọn àti àwọn ọmọ Traveller lè jókòó sí. Ẹni tí a ti pè ní àjèjì rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ta ni lára. Kí wọ́n kọ́ ọmọ wọn kí ó má ṣe bá àwọn ẹlẹ́gàn kẹ́gbẹ́. A kò gbọdọ̀ ní kí ọmọ kan ta ìran rẹ̀ kí ó tó lè ra ìwé.