Bí Bọ́tìnnì Ṣe Kúrò Lójú Fóònù

Ẹni tó ń lo fóònù tuntun lónìí kì í wá bọ́tìnnì tí yóò fi jáde nínú áàpù. Ìka ni yóò gbé sí ìsàlẹ̀ ojú fóònù, tí yóò sì fà á sókè. Ọ̀pọ̀ gbà pé Apple ló dá àrà yìí, nítorí pé iPhone X, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ni iPhone àkọ́kọ́ tí kò ní bọ́tìnnì lábẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣe é ṣáájú kò rọ́wọ́ mú lọ́jà, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀rọ wọn kò fi sí lẹ́nu aráyé mọ́.

Ojú ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ìka bá kàn án ti wà tipẹ́. E. A. Johnson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1965, ní ibùdó ìwádìí rédà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Malvern. Iná díẹ̀ ló wà lójú gíláàsì náà. Bí ìka bá kàn án, iná ibẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì mọ ibi tí ìka wà. Ìdí nìyẹn tí ìdí bírò kì í fi í ṣiṣẹ́ lójú fóònù. Wayne Westerman àti John Elias ní Yunifásítì Delaware, ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó ń mọ ìka púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apple ra ilé-iṣẹ́ wọn, FingerWorks, ní 2005. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni iPhone dé.

Palm Pre, tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Àyè dúdú kan wà lábẹ́ ojú rẹ̀ tó ń mọ ìka. Bí a bá fa ìka sí òsì níbẹ̀, a ó padà sẹ́yìn. Bí a bá fà á sókè, áàpù á súnkì di káàdì kékeré, á tò pẹ̀lú àwọn yòókù. Káàdì tí a bá sì gbọ́n sókè dànù ti di pípa nìyẹn. Àrà ńlá ni, àmọ́ bátìrì 1150 mAh kò lè gbé e: gbogbo káàdì wọ̀nyẹn ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

HP ra Palm ní 2010, ó sì ṣe táblẹ́ẹ̀tì TouchPad ní 2011. Káàdì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè ìka ti lọ, bọ́tìnnì gidi ló wà lójú rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí HP fi pa á tì. PlayBook, táblẹ́ẹ̀tì àwọn tó ṣe BlackBerry, gbọ́n jù ú lọ: etí ojú rẹ̀ gan-an ló ń mọ ìka. Ọwọ́ méjèèjì la sábà fi ń di táblẹ́ẹ̀tì mú, àtàǹpàkò sì ti wà létí tẹ́lẹ̀. Nokia N9 gbé irú rẹ̀ sórí fóònù lọ́dún kan náà. Apple ní tirẹ̀ ní kí oníPad kó ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ sójú ẹ̀rọ láti jáde nínú áàpù. Kò sí àyè irú bẹ́ẹ̀ lójú fóònù.

Matias Duarte, tó darí àwòrán iṣẹ́ Palm, ti bọ́ sí Google láti 2010. Android 10 ti Google gba fífa ìka wọlé pátápátá ní 2019.

Ní ti bátìrì, títóbi táblẹ́ẹ̀tì kò sọ pé iná rẹ̀ á pẹ́ ju ti fóònù lọ, torí ojú ńlá ń jẹ iná púpọ̀. Nígbà tí Apple mú kí àwòrán ojú iPad ṣe kedere sí i ní 2012, bátìrì rẹ̀ fò láti 25 Wh sí 42.5 Wh, síbẹ̀ wákàtí mẹ́wàá tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń lò.

Àṣà gbígbọ́n káàdì dànù kí iná má baà tán kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lórí Palm, ó bọ́gbọ́n mu. Lórí fóònù òde òní, fóònù fúnra rẹ̀ ti dá ọ̀pọ̀ áàpù tó wà lẹ́yìn dúró. Títún un ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ iná jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí bátìrì òun pẹ́, kó dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù rẹ̀ kù.