Títún Súìṣì Tráfíkétọ̀ Ọkọ̀ Ṣe

Iná tráfíkétọ̀ ni ẹnu tí ọkọ̀ fi ń kéde ibi tí ó fẹ́ yà sí. Bí ó bá yadi, ewu ni fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí a tó di ẹ̀bi ru súìṣì, kí a yẹ gílóòbù àti fíúsì wò. Bí wọ́n bá dára, tí iná ń tàn tí ó ń kú bí a ti ń mi ọ̀pá súìṣì, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti bo bàbà inú rẹ̀. Bí àpò afẹ́fẹ́ kò bá sí nínú sítíárìn, kí a tú okùn bátìrì, kí a ṣí súìṣì, kí a fi aṣọ àti sípírítì nù ún. Bí bàbà bá ti jẹ, kí a ra tuntun. Ṣùgbọ́n bí àpò náà bá wà, oníṣẹ́ ni kí a pè, nítorí ó lè bú mọ́ni lójú.