Ìgbómìnà Kan, Ẹkùn Méjì

Òmù-Àrán ni ilé bàbá mi, Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù ìjọba bá dé, ìyá mi di ará Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, bàbá mi di ará Àríwá-Àárín-Gbùngbùn. Ta ló pín tọkọtaya yìí?

Ààlà náà ti pẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1900, tí Lugard ń ṣe olórí rẹ̀, Ìlọrin bọ́ sí Àríwá nítorí pé ẹ́míà ló ń jọba níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Ìgbómìnà bá Ìlọrin lọ, Ìlá dúró sí Gúúsù. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní èdè tó ń sọ. Ọ̀tùn-Èkìtì pàápàá wà lábẹ́ Ìlọrin títí di 1936, kí wọ́n tó dá a padà sáàárín àwọn Èkìtì yòókù. Mo fẹ́ràn ìtàn Ọ̀tùn yìí, torí ààlà tí ènìyàn fà, ènìyàn náà ló sún un.

Tiwa kò sún. J. S. Ọláwọyin, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, jà fitafita pé kí Ìlọrin àti Kàbà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti wádìí ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké, gbọ́ ẹjọ́ náà láàárín 1957 sí 1958, ààlà dúró síbẹ̀. Ó sì yẹ kí n sọ ọ́ pé àwọn kan ní Ìlọrin kò fẹ́ kúrò ní Àríwá rárá.

Ní 1967 tí Gowon, olórí ìjọba ológun, dá ìpínlẹ̀ 12, a di Kwara. Ìlá wà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó di ara Ọ̀yọ́ ní 1976, ara Ọ̀ṣun ní 1991.

Níbi àpérò òfin ìpìlẹ̀ ti 1994 sí 1995 ni Alex Ekwueme, igbákejì ààrẹ tẹ́lẹ̀, ti gbé ọ̀rọ̀ pípín Nàìjíríà sí ẹkùn mẹ́fà kalẹ̀. Odindi ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ di ẹkùn, nítorí náà ibi tí Kwara bá lọ ni gbogbo wa ń bá a lọ. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 kò to orúkọ àwọn ẹkùn yìí, síbẹ̀ ẹkùn wọ̀nyí ni àwọn òṣèlú fi ń pín ipò. Bí wọ́n bá ń pín ti Yorùbá, wọ́n á ní ará Àríwá ni wá. Bí Àríwá bá ń pín tirẹ̀, wọ́n á ní Yorùbá ni wá. Ó ń dùn mí.

Ó tún ju ọ̀rọ̀ ipò lọ. Ní oṣù Kìíní 2020, gómìnà mẹ́fà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ìlá wà nínú rẹ̀, Òmù-Àrán kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ajínigbé kì í dúró ní ààlà. Ẹkùn lè wà bó ṣe wà, àmọ́ kí ìjọba Kwara àti ti Ọ̀ṣun jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ọ̀nà àti ààbò ilẹ̀ Ìgbómìnà.