Ọkọ̀ tí kì í kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì: ìyà onímọ́tò ní Igbó-Ọrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ́tò ṣe rí nìyí ní Igbó-Ọrà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n sanwó àtúnṣe rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni yóò tún dákú sójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ yìí. Àìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n owó mìíràn ni wọn yóò tún san.

Ìlú àwọn ìbejì ni ayé mọ Igbó-Ọrà sí, àmọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń bọ́ ìlú náà. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí, àgbàdo, tòmáàtì àti ata ni ọkọ̀ ń kó jáde níbẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó. Tòmáàtì kò mọ̀ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Bí oòrùn bá pa á lẹ́bàá ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́, èrè ọlọ́jà ti wọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláìsàn tí wọ́n ní kí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn kò lè dúró de ẹni tó lọ wá páàtì.

Bí a bá mú ọkọ̀ tó ń gbóná ṣe àpẹẹrẹ, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Mẹkáníìkì kìíní yóò yọ thermostat dànù, yóò ní ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ thermostat yìí gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní ìwọ̀n ooru tó yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kó tó gbóná dé ìwọ̀n, ọkọ̀ yóò sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá tún gbóná, mẹkáníìkì kejì yóò ní tópù gáskẹ́ẹ̀tì ló jó. Wọn yóò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, oníọkọ̀ yóò sanwó gọbọi. Kò ní pẹ́ tí gáskẹ́ẹ̀tì tuntun náà yóò tún jó.

Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ rédíétọ̀ ni ìpẹtà ti dí nítorí omi kànga tí wọ́n ń dà sí i lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ ìdérí rédíétọ̀ tí kò dé dáadáa mọ́, tí omi fi ń tètè hó. Ó sì lè jẹ́ fáànù tí kò yí. Jíjó tí gáskẹ́ẹ̀tì jó, ohun tí àìsàn bàjẹ́ ni, kì í ṣe àìsàn náà fúnra rẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Etí àti ọwọ́ ni àwọn mẹkáníìkì ìgbà náà fi ń mọ àìsàn Peugeot 504. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbòde, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Kútọnu wọlé. Láti ọdún 1996 sì ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà l'Ámẹ́ríkà ti ní kọ̀ǹpútà tó ń kọ àṣìṣe ọkọ̀ sílẹ̀, àti ojú ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kà á. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ náà yóò máa méfò: púlọ́ọ̀gì lónìí, pọ́ọ̀ǹpù epo lọ́la. Owó oníọkọ̀ ló fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ náà pàápàá kì í parí ọ̀rọ̀. Ibi tí ìṣòro wà ló ń tọ́ka sí, kì í sọ bóyá páàtì ló kú tàbí eku ló gé wáyà jẹ.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Ayédèrú páàtì pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ojúlówó lè ní láti dé Àrárọ̀mí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, kó sì tún san owó ọkọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà tún ti já, owó páàtì ilẹ̀ òkèèrè ti fò sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, epo bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì da ọkọ̀ láàmú. Àwọn oníọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn: wọ́n ń rí i pé ọkọ̀ ti gbóná, wọ́n á ní kí àwọn ṣáà délé, eruku ọ̀nà oko ti dí àsẹ́ afẹ́fẹ́, wọn kò pààrọ̀ rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí oníọkọ̀ tó ra páàtì kankan, kí ó ní kí mẹkáníìkì fi ohun tó fa àìsàn hàn án. Bí iṣẹ́ náà bá wúwo, kí ó pe ẹlòmíràn wò ó. Kí wọ́n jọ dá iye owó ṣáájú, kí ó gba rìsíìtì, kí ó sì gba páàtì àtijọ́ padà. Kí ó má gba ọkọ̀ tí kò tíì wà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa. Kí ó ra ìwé kan, kí ó máa kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ síbẹ̀, kí mẹkáníìkì kejì má baà tún iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣe. Bí iṣẹ́ kò bá dára, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, wà tí a lè fi ẹjọ́ sùn. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá nínú owó rẹ̀ padà.

Ìwé àkọsílẹ̀ kò wọ́n tó púlọ́ọ̀gì kan. Ẹni tó bá ní in lè mọ ibi tí iná wà nínú aṣọ, kí ó tó di pé èékánná rẹ̀ tún kún fún ẹ̀jẹ̀.