Ijó Ballet Nínú Yàrá Ẹyọ Kan: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Ṣọ́

Ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé mi ní Òṣòdì níbí ń bi mí ni pé, ǹjẹ́ ọmọ lè máa kọ́ ijó ballet nínú yàrá ẹyọ kan, kí ó má fi ẹsẹ̀ rọ́, kí ó má sì forí gbá bẹ́ẹ̀dì? Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣe é, bí ẹ bá mọ èyí tí yàrá gbà àti èyí tí kò gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún yín pé dandan ni gbọ̀ngàn ńlá. Ní ọdún 2017 ni Ọ̀gbẹ́ni Daniel Ajala dá ilé-ẹ̀kọ́ Leap of Dance sílẹ̀ ní Ajangbádì, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Inú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà. Bí wọ́n bá fẹ́ jó, wọn a tẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Anthony Madu, ọmọ ọdún 11, tí ayé rí ní ọdún 2020 bí ó ti ń jó láìwọ bàtà nínú òjò. Ó ti ti ibẹ̀ lọ kọ́ ijó ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ń ṣọ́ àwọn ọmọ Ajangbádì. Èyí tí ó ń wo fóònù dá kọ́ ọ lẹ́yìn àga ìyá rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Símẹ́ńtì le, táìsì kò sì rọ̀ jù ú lọ. Bí ọmọ bá ń fò tí ó ń balẹ̀ lórí wọn lemọ́lemọ́, ojúgun àti orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, fífò kò sí nínú iṣẹ́ yàrá (àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀ yín yóò sì dúpẹ́). Ẹ má rò pé fóòmù ni àtúnṣe: ẹsẹ̀ a máa rì sínú rẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀ a sì yẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ló dára. Ìbọ̀sẹ̀ lórí táìsì, èèwọ̀ ni.

Kí ọmọ dúró láàárín yàrá, kí ó na apá méjèèjì, kí ó sì na ẹsẹ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ó bá kàn, ẹ gbé e kúrò: fáànù àti wáyà rẹ̀, garawa omi, pàápàá jù lọ sítóòfù. Níbi tí a ti ń dáná nínú yàrá, kò sí ijó títí iná yóò fi kú tí ìkòkò yóò sì tutù. Ní ti ohun tí yóò fọwọ́ lé, àga onígi tí ó wúwo dára. Àga rọ́bà a máa dojú dé.

Nínú àyè bẹ́ẹ̀ ọmọ lè ká orúnkún díẹ̀díẹ̀, kí ó dìde sórí ọmọ ìka, kí ó na ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti rìn lójú kan fún ìṣẹ́jú 5 kí ara rẹ̀ lè yá. Ohun kan wà tí ojú òbí gbọ́dọ̀ tó. Nínú ijó yìí a máa ń yí ẹsẹ̀ síta, láti ìgbáròkó ni yíyí náà sì ti ń wá. Ọmọ tí ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan yí, tí orúnkún rẹ̀ ń wo ibòmíràn, ń lọ́ orúnkún rẹ̀ ni. Ọ̀nà kan náà ni orúnkún àti ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí. Àwọn oníjó bàtá wa kò ní kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nípa orúnkún kíká. Ta ni í fi orúnkún gan-an-gan jó bàtá?

Bàtà olórí líle tí wọ́n fi ń dúró ṣónṣó, ẹ má ṣe rà á fún ọmọ tí kò ní olùkọ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ pọ́ọ́kú. Egungun ẹsẹ̀ ọmọdé ṣì ń dàgbà. Àwọn olùkọ́ kì í sábà gbà kí ọmọ wọ̀ ọ́ kí ó tó pé ọdún 11 tàbí 12, tí yóò sì ti fi ọdún mélòó kan kọ́ṣẹ́.

Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ó jó, kí fèrèsé ṣí, kí omi mímu wà nítòsí. Bí jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé náà, ẹ dá ijó dúró, ẹ sì jáde. Èéfín rẹ̀ a máa pani.

Bí ẹsẹ̀ bá wá rọ́ ńkọ́? Mo mọ obìnrin kan ní Mafolúkù tí ó fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ó rọ́, tí ó sì fi ìpara ra á kíkankíkan. Ó rò pé òun ń ṣe é lóore. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú ju ti àná lọ. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án, ẹ má rà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Omi dídì tí a fi aṣọ wé ni kí ẹ gbé lé e fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹsẹ̀ náà sì wà lókè lórí ìrọ̀rí. Bí ọmọ kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ó ń ké bí ẹ bá tẹ egungun ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n ya fọ́tò egungun náà. Ilé ìwòsàn egungun tí ó wà ní Ìgbóbì kò jìnnà sí Òṣòdì.